Vreme: Báwo ni ìwé ìròyìn alátakò ṣe ń jáde lójú Milošević?

Ohun kan wà nínú ìtàn ilẹ̀ Serbia tó máa ń rú èèyàn lójú. Slobodan Milošević ló di agbára mú níbẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980 títí di 2000. Lásìkò rẹ̀ ni Yugoslavia, orílẹ̀-èdè ńlá tí Serbia wà nínú rẹ̀, fọ́ yángá, tí ogun jà ní Croatia, ní Bosnia àti ní Kosovo, tí wọ́n sì gbé òun fúnra rẹ̀ lọ jẹ́jọ́ ọ̀daràn ogun ní Hague nígbẹ̀yìn. Síbẹ̀, ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá dúró níwájú ìsọ̀ oníwèé ìròyìn ní Belgrade á rí ìwé kan tó ń jẹ́ Vreme níbẹ̀, tó ń sọ láìfi bò pé ogun tí wọ́n ń pè ní ogun ìgbèjà kì í ṣe ogun ìgbèjà, pé àwọn jàǹdùkú tí ìjọba ń gbé ìbọn fún ń pa ará ìlú tí kò gbé nǹkan kan dání. Ẹni náà á sanwó, á ká ìwé rẹ̀ sábẹ́ abíyá, á gba ilé lọ. Ọlọ́pàá kankan ò ní dá a dúró.

Ìdí nìyí táwọn kan fi máa ń béèrè pé bí ìjọba náà bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fòfin de ìwé náà? Àwọn mìíràn á ní bóyá ìjọba ló ni ín lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Milošević ò nífẹ̀ẹ́ òmìnira, Vreme ò sì jẹun lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà tí èèyàn lè gbà pa ìwé ìròyìn láìfi òfin dè é pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ìjọba Serbia sì mọ gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ rẹ̀ ná. Ní èdè Serbia, vreme ni àkókò, òun náà ni ojú ọjọ́. Ẹni tó ń béèrè bóyá òjò máa rọ̀ àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìgbà tó ti lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ kan ti jẹ́ orúkọ yìí rí ní Belgrade láti 1921 sí 1941, àmọ́ òun kọ́ là ń sọ. Vreme tiwa yìí, ọlọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ ni, ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1990 ló kọ́kọ́ jáde, nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí Serbia dìbò ẹlẹ́gbẹ́ púpọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjọba Kọ́múníìsì.

Alátakò, àmọ́ kì í ṣe ti ẹgbẹ́

Tí àwa bá ti gbọ́ "alátakò", ẹgbẹ́ òṣèlú tí ìbò rẹ̀ ò pé ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Irú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Serbia lóòótọ́. Srpska reč, tó túmọ̀ sí "Ọ̀rọ̀ Serb", ẹ̀yìn ẹgbẹ́ SPO tí Vuk Drašković jẹ́ olórí rẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá rà á mọ̀ pé ohùn ẹgbẹ́ lòun fẹ́ gbọ́. Kò sí àbùkù níbẹ̀, ẹgbẹ́ tó fẹ́ ìbò gbọ́dọ̀ polówó ara rẹ̀.

Vreme ò ní ẹgbẹ́. Àwọn aṣáájú tó ń bá Milošević du ipò pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: tí wọ́n bá ń bá ara wọn jà nígbà tó yẹ kí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan, ìwé náà á kọ ọ́. Ohun tó sọ ọ́ di alátakò ni pé ìjọba ti sọ irọ́ di ìlànà, ẹni tó bá wá ń kọ ohun tó rí ti di ọ̀tá ìjọba nìyẹn, bí kò tiẹ̀ pète ọ̀tẹ̀ kankan.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jẹ lógún ni agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Srđa Popović. Lásìkò ìjọba Tito, olórí Yugoslavia nígbà Kọ́múníìsì, òun ló máa ń gbẹjọ́ àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn torí ohun tí wọ́n sọ. Ó gbẹjọ́ ọ̀kan nínú wọn dé ibi tó ti sọ nílé ẹjọ́ pé òótọ́ ni ohun tí oníbàárà òun wí. Wọ́n bá gbé agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní ó ń tan ìròyìn èké kálẹ̀. Ní 1976, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún un. Àwọn agbẹjọ́rò nílẹ̀ òkèèrè figbe ta, ni wọ́n bá dá ẹ̀wọ̀n náà dúró, wọ́n wá ní kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò fún ọdún kan. Ẹ wo ó dáadáa: ọkùnrin tí wọ́n ti jẹ níyà nítorí pé ó sọ pé òótọ́ ni òótọ́, ló wá kó owó àti ọ̀rẹ́ jọ láti dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ díẹ̀.

Àwọn akọ̀ròyìn tó wá bá a kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Láti 1987 tí Milošević ti gba ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì Serbia mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti ń fi èèyàn tirẹ̀ sórí àwọn ilé ìròyìn ńlá, títí kan Politika tó ti ń jáde láti 1904. Àwọn tí kò lè gbé e mì wá ibi tí wọ́n á lọ. Dragoljub Žarković di olóòtú Vreme, ó sì wà nídìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Stojan Cerović ń kọ èrò rẹ̀ lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀. Miloš Vasić ló mọ̀ nípa ológun àti ìbọn, Dejan Anastasijević náà sì wá dara pọ̀ mọ́ wọn, ẹni tí a ó padà kàn níwájú.

Agogo méje ààbọ̀ alẹ́

Kí ló wá dé tí ìjọba fi jẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́? Nítorí pé kì í ṣe inú ìwé ni ogun ti ń wọ orí èèyàn. Inú tẹlifíṣọ̀n ni.

Lálaalẹ́, ní agogo méje ààbọ̀, tẹlifíṣọ̀n ìjọba máa ń gbé ìròyìn jáde. Ní abúlé, ní ìlú kékeré, lọ́dọ̀ àgbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ò tó ra epo àti ṣúgà, ìròyìn yẹn nìkan ló wà. Wọ́n ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé àwọn ará Croatia fẹ́ tún Serb pa bí ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, pé Mùsùlùmí Bosnia ti dìhámọ́ra. Vreme ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, kì í ṣe ti ọ̀kẹ́ àìmọye. Inú Belgrade àti àwọn ìlú ńlá díẹ̀ ni òǹkàwé rẹ̀ pọ̀ sí, àwọn tó kàwé, àwọn tó ti lòdì sí ìjọba tẹ́lẹ̀. Milošević ṣírò ó. Bí àwọn wọ̀nyí bá ka ìwé wọn, ìbò rẹ̀ ò ní torí ẹ̀ dín. Bí àlejò láti Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù bá sì dé, yóò nawọ́ sí ìsọ̀ oníwèé ìròyìn: ẹ wò ó, ta ló ní kò sí òmìnira níbí?

Vasić ló fi ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n yìí yé àwọn ará òkèèrè jù lọ. Ó ní kí wọ́n fojú inú wo Amẹ́ríkà tí gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ńlá àti kékeré, ń sọ ohun kan náà, tó sì jẹ́ pé David Duke, ọ̀gá Ku Klux Klan nígbà kan, ló ń pàṣẹ ohun tí wọ́n á sọ. Ó ní láàárín ọdún márùn-ún, ogun á bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà. Èmi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ tó yé èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ará Belgrade náà mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀gá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1991, ọ̀pọ̀ èrò tú síta láti bá tẹlifíṣọ̀n ìjọba wíjọ́. Èèyàn méjì kú, ọ̀dọ́ kan àti ọlọ́pàá kan, ìjọba sì kó ọkọ̀ ogun jáde sí ìgboro. Nígbà tó tún di òtútù 1996 sí 1997, tí Milošević gbé ẹsẹ̀ lé ìbò ìbílẹ̀ tí àwọn alátakò wọlé, àwọn èèyàn wá ọ̀nà mìíràn. Tí agogo bá ti lu méje ààbọ̀ báyìí, wọ́n á ṣí fèrèsé, wọ́n á gbé ìkòkò, ọmọrí ìkòkò, fèrè, ohunkóhun tó lè pariwo, wọ́n á máa lù ú títí ìròyìn á fi tán. Wọ́n ń fi ariwo bo irọ́ mọ́lẹ̀ nínú yàrá tiwọn. Ẹni tó wà lójú pópó lásìkò yẹn á gbọ́ gbogbo àdúgbò tó ń ró gbànlà-gbànlà.

Bébà àti owó

Ìjọba ò fòfin de Vreme, àmọ́ kò ṣe é lóore. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ìyà òwò jẹ Yugoslavia nítorí ogun Bosnia, kò sí rírà kò sí títà pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe bébà ìwé ìròyìn ní Serbia, Matroz ní ìlú Sremska Mitrovica. Àwọn ìwé tó ń yin ìjọba ń rí bébà gbà níbẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Àwọn tó kù ń san owó gegele, tàbí kí wọ́n ní bébà ti tán. Ilé ìtẹ̀wé ńlá àti ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn náà, ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí ìjọba ń darí ló wà. Tí wọ́n bá ti fún ẹ lọ́rùn níbi bébà, ìtẹ̀wé àti títà, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi òfin ṣe?

Owó wá bàjẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, ohun tó jẹ́ dínárì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ti di ohun tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta dínárì lọ kí oṣù tó parí. Láàárín bí ọjọ́ kan ààbọ̀, iye owó ọjà á ti di ìlọ́po méjì. Ẹ bá mi ṣírò ohun tí èyí ń ṣe fún ìwé ìròyìn. Oníṣọ́ọ̀bù gba ìwé, ó tà á, ó di owó mú, ó wá fi jíṣẹ́ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Owó tó tó ra búrẹ́dì 600 lọ́jọ́ tí wọ́n ta ìwé, ẹyọ kan ni yóò rà lọ́jọ́ tó dé ọwọ́ olóòtú. Ilé iṣẹ́ tí ìjọba ń bọ́ lè fara dà á. Èyí tí òǹkàwé ń bọ́, kò sí bó ṣe máa ṣe é tí kò ní tọrọ ìrànlọ́wọ́. Àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè ran àwọn ilé ìròyìn tó dá dúró lọ́wọ́, ìjọba sì rí ohun tó ń wá: ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n, àwọn tí òyìnbó ń sanwó fún. Ó fi ebi pa wọ́n tán, ó tún ń fi oúnjẹ tí aládùúgbò gbé wá bú wọn.

Owó bébà tó tóbi jù lára ti ìgbà yẹn ni 500,000,000,000 dínárì. Àwòrán tó wà lójú rẹ̀ ni ti Jovan Jovanović Zmaj, akéwì tó tún jẹ́ dókítà. Ohun tó mú mi dúró sórí owó yìí ni pé láti inú ìwé ìròyìn ni orúkọ Zmaj ti wá. Ní 1864 ni akéwì náà dá ìwé ìròyìn ẹlẹ́fẹ̀ kan sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Zmaj, ó sì ń fi bu àwọn aláṣẹ; ìwé náà jáde títí di 1871, orúkọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ olóòtú títí ó fi kú. Ojú akọ̀ròyìn alátakò ni ìjọba tẹ̀ sórí owó tí wọ́n fi ń ba ìwé ìròyìn alátakò jẹ́, bóyá láìronú kàn án.

Òfin 1998, àti ohun tó tẹ̀ lé e

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, ìgbà tí ara ìjọba ṣì balẹ̀ ni. Nígbà tó di 1998, ogun ti dé Kosovo, NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ń halẹ̀ pé òun á ju bọ́ǹbù, Milošević ò sì ní sùúrù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹkàwé mọ́. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi àṣẹ ìjọba ti ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ mẹ́ta: Danas, Naša borba àti Dnevni telegraf. Lẹ́yìn náà, ní ogúnjọ́ oṣù yẹn, ilé aṣòfin gbé òfin ìròyìn jáde. Mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà ni Aleksandar Vučić, tó jẹ́ ààrẹ Serbia láti 2017.

Ibi tí òfin náà ti le jù kì í ṣe nínú ohun tó sọ pé èèyàn ò gbọdọ̀ kọ. Ó wà nínú aago. Wọ́n fẹ̀sùn kan ìwé ìròyìn lónìí, láàárín wákàtí 24 ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ ti fi ẹ̀rí hàn pé òótọ́ lòun kọ, ìdájọ́ á sì wáyé. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ò ní láti mú ẹ̀rí kankan wá. Tí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wákàtí 24 mìíràn ló ní láti san owó ìtanràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á wá kó ẹrù rẹ̀. Owó ìtanràn náà sì tó ohun tó lè pa ilé iṣẹ́ run.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi lò ó. Slavko Ćuruvija, tó ni Dnevni telegraf, tún ní ìwé ọlọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ kan tó ń jẹ́ Evropljanin, "Ará Yúróòpù". Ọkùnrin yìí ti súnmọ́ ìdílé Milošević rí, ó máa ń bá ìyàwó ààrẹ sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn náà ni wọ́n pínyà. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá, ọjọ́ kan ṣáájú òfin, Evropljanin tẹ lẹ́tà gbangba kan jáde: "Kí ló tún kù, Milošević?" Ćuruvija àti Aleksandar Tijanić ló fọwọ́ sí i, Tijanić tí òun náà ti ṣe mínísítà ètò ìròyìn rí. Wọ́n ka gbogbo ohun tó ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́wàá sí i lẹ́sẹẹsẹ. Ẹgbẹ́ kan tó pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ́ afẹ́nifẹ́re ilẹ̀ baba fẹ̀sùn kan ìwé náà, òfin tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n san 2,400,000 dínárì, nǹkan bíi 240,000 dọ́là nígbà yẹn. Ta ló ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan? Wọ́n wá kó ẹrù ilé iṣẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ọdún 1999, bọ́ǹbù NATO bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ìjọba ní ológun gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo ìwé ìròyìn wò kí wọ́n tó jáde. Ćuruvija ní òun ò ní tẹ ìwé tí ológun yóò kọ́kọ́ kà, ó dá ìwé rẹ̀, tó ti tún ń jáde, dúró. Vreme ní tirẹ̀ yàn láti máa jáde bó ṣe lè ṣe é lábẹ́ àṣẹ náà. Mi ò lè dá èyíkéyìí nínú wọn lẹ́bi. Ọ̀kan ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ọ̀rọ̀ òun, èkejì ò fẹ́ fi òǹkàwé sílẹ̀ sọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n ní àkókò tó burú jù.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìwé ìròyìn kan tó wà lẹ́yìn ìjọba kọ ọ́ pé inú Ćuruvija dùn sí bọ́ǹbù tó ń bọ́. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba ka ọ̀rọ̀ náà síta. Lákòókò ogun, ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin, ọjọ́ Àjíǹde àwọn Kristẹni Ọ́tódọ́ọ̀sì, òun àti Branka Prpa, obìnrin tó ń bá a gbé, rìn jáde, wọ́n sì ń padà bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́. Ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ní àárín gbùngbùn Belgrade, wọ́n yìnbọn lù ú láti ẹ̀yìn. Wọ́n gbá Prpa lórí pẹ̀lú ìdí ìbọn. Ọkùnrin náà kú síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí Milošević ti ṣubú ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, fáìlì kan jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Wọ́n fún iṣẹ́ náà lórúkọ: Ćuran, ìyẹn "Tòlótòló", wọ́n fi orúkọ Ćuruvija ṣeré. Inú rẹ̀ ni a ti rí i pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ́jọ́ tó kú, wọ́n ń kọ ìrìn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń tẹ̀ lé e kúrò níbẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí apànìyàn dé.

Àwọn tó kù lẹ́yìn

Òfin 1998 kú ní 2001. Vreme ò kú. Ohun tí àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀ ti kọ láti ojú ogun, nígbà tí òǹkàwé wọn kéré, wá wúlò níbi tí Milošević ò fọkàn sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, Dejan Anastasijević jókòó ní ilé ẹjọ́ Hague, ó ń jẹ́rìí nípa ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, Milošević sì jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń bi í ní ìbéèrè fúnra rẹ̀ torí kò gba agbẹjọ́rò. Òun ni akọ̀ròyìn àkọ́kọ́ láti Serbia tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nílé ò dárí jì í.

Ní òru ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 2007, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti lọ pẹ̀lú Milošević, ẹnì kan gbé bọ́ǹbù àfọwọ́jù méjì sórí fèrèsé yàrá tí Anastasijević àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn sí. Ọ̀kan bú gbàmù, èkejì ò bú. Orí ló kó wọn yọ. Kò pẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn ló ti sọ pé ìdájọ́ tí wọ́n dá fún àwọn ọmọ ogun Škorpioni, tó pa àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Srebrenica ní Bosnia, ti rọ̀ jù. Ó ṣiṣẹ́ ìròyìn títí ó fi kú ní 2019. Vasić kú ní 2021, Žarković ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 2020. Ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì ń jáde lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ćuruvija ni kò tíì parí. Ọdún 2015 ni ẹjọ́ àwọn mẹ́rin tí wọ́n ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi ní 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e. Wọ́n tún ẹjọ́ ṣe, wọ́n tún dá wọn lẹ́bi ní 2021. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni aráyé wá gbọ́ pé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Nínú òfin, kò sí ẹni tó pa á. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdọọdún, àwọn akọ̀ròyìn Belgrade máa ń péjọ sí òpópónà Svetogorska, níwájú ilé tó ń gbé, níbi tí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára ògiri, wọ́n á gbé òdòdó síbẹ̀.